Mélòó Ni ti Òní?

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti palẹ̀ àwo mọ́ lórí tábìlì, Dádì á na ọwọ́ mú ìwé kékeré kan, á ṣí bírò, á wá bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Mọ́mì, mélòó ni ti òní?"

Mọ́mì á ronú díẹ̀, á dárúkọ nọ́ńbà kan. Dádì á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fún ní máàkì.

Dádì àti Mọ́mì ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ nílé tí yóò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ló mú un lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Dádì padà síbi iṣẹ́, Mọ́mì sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ kọ́tìnì ló máa ń rán tà. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ náà, kò sì ṣí i mọ́. Àwọn tó ti gbé iṣẹ́ fún un wá títí, ó sú wọn, wọ́n kó aṣọ wọn lọ. Kò ní wẹ̀ àfi tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn nílé ìwòsàn pé òun kò fẹ́ wà láyé mọ́, àti pé bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé, òun mọ ohun tí òun máa ṣe.

Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó fi ṣeré. Ohun méjì ló sọ. Ó ní Mọ́mì kò gbọdọ̀ dá wà rárá, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan. Ó sì ní kó máa ṣe ohun kan fún ara àti ohun kan fún ọpọlọ lójoojúmọ́, ohun tó bá ń dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kó rìn. Kó jó. Kó ta dráàfù. Kó ka ìwé tó ń pani lẹ́rìn-ín. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kó fi nọ́ńbà sọ bí inú òun ti rí, láti oókan dé ẹẹ́wàá.

"Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ara ló kọ́kọ́ ń gbéra, inú á wá máa fẹsẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà yẹn bá dé mẹ́jọ, tó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà náà la lè jókòó sọ ọ́ bóyá kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn máa lọ sílé."

Bí ẹ bá mọ Dádì, ẹ ó mọ̀ pé ohun tó ń wá gan-an ni wọ́n fún un yẹn. Alábòójútó àwọn tó ń ka mítà omi ni, ó sì ti ń wo nọ́ńbà láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìbànújẹ́ tí kò lórí tí kò nídìí, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Ṣùgbọ́n oókan dé ẹẹ́wàá! Ìyẹn yé e. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ra bàtà kánfáàsì fún ìyàwó rẹ̀, ó ra okùn ìfò, ó ra pátákó dráàfù, ó ra ìwé ọ̀rọ̀ àdììtú. Ó ya táìmùtébù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: ìrìn ní aago méje, dráàfù ní aago mẹ́rin, ẹ̀rín ní aago márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ "ẹ̀rín" síbẹ̀, ó sì fún un ní aago.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ló wá ń bá wọn gbé. Obìnrin aláriwo kan ni, onídìrí, tó fi ọkọ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ wá jókòó ti àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí táìmùtébù yẹn, ó dúró síwájú fíríìjì, ó fọwọ́ mú ìbàdí.

"Ọkọ wa," ló wí, "aago márùn-ún ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn ò sì tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí. Ṣé ká fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe? Ṣebí ìdùnnú ni wọ́n ní ká máa wá. Èyí tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́bí yìí jọ ti ilé-ìwé."

Dádì tún fi òfin kan kún un tí nọ́ọ̀sì kò sọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà nínú ilé. Ó yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ti yàrá rẹ̀ pa. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà dà bí páìpù tó bẹ́: èèyàn á kọ́kọ́ ti omi pa ná. Ó rò pé òun ń tọ́jú ìyàwó òun ni. Ó rò ó tọkàntọkàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù.

Orí méjì ni nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dé mẹ́ta, ó dé mẹ́rin. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ya ìlà lórí bébà kan tó tẹ́ sábẹ́ gíláàsì tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ìlà náà sì ń gòkè. Á pe èèyàn wá wò ó. "Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ wá wo ti ìsinsìnyí." Àwọn èèyàn á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mọ́mì náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ohun tí ìlà náà ń sọ. Ó ń wẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ń wọ bàtà kánfáàsì rẹ̀ ní aago méje géérégé. Bí èèyàn bá wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn," ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún Dádì lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì wà nínú ilé ìdáná. "Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó lọ ya fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ti yíjú kúrò, ó ti tán."

"Méje ni ti àná, Ẹ̀gbọ́n. Méje!"

"Mo gbọ́. Ojú rẹ̀ ni mò ń wí ní tèmi."

Ṣùgbọ́n kí ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀? Kò ní ìwé, kò ní rúlà. Nọ́ńbà dé mẹ́jọ, ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nọ́ọ̀sì yẹ ìwé náà wò, ó bi Mọ́mì ní ìbéèrè mélòó kan, Mọ́mì sì dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Wọ́n fẹnu kò pé kí Ẹ̀gbọ́n máa lọ sílé ní Ọjọ́bọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, Mọ́mì ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì dé ìta. Ó dì mọ́ ọn, ó pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. "Ẹ bá mi kí ọkọ yín," ló wí. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe fún mi láti kékeré." Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀ nù, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú rẹ̀, ìrìn-àjò ọjọ́ kan gbáko. Dádì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé òun ti fẹ́ pẹ́, ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń súfèé lójú ọ̀nà.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ṣí ìwé Orúnkún. Bàbá àgbà kan nínú àwọn tó ń ka mítà ni wọ́n ń pè ní Orúnkún, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé gíga àtijọ́ ló wà ní àdúgbò tirẹ̀, òkè pátápátá ni mítà wọn sì wà. Dádì fi ìka tẹ̀ lé iye omi tí ilé kìíní lò lóṣooṣù: mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún. Ilé kejì: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Bó ṣe rí nìyẹn láti orí títí dé ìsàlẹ̀ òpópónà, oṣù márùn-ún gbáko.

Àwọn onímítà ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú èyí: kíkà orí àga. Ẹni tó yẹ kó gun òkè lọ wo mítà á jókòó sórí àga rẹ̀, á wo ti oṣù tó kọjá, á fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ṣe é á rò pé òun gbọ́n. Ṣùgbọ́n omi kì í lọ déédéé nínú ilé tí èèyàn ń gbé. Àlejò á dé, ẹnì kan á gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí, gbogbo ilé á rìnrìn-àjò fún ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà òtítọ́ máa ń fò, á tún já bọ́. Èyí tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sókè bí àgbà ìjòyè, ẹnikẹ́ni kò lọ wò ó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Dádì ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ó ránṣẹ́ pe Orúnkún.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ìgbà wo lẹ gun àtẹ̀gùn ilé yìí kẹ́yìn?"

"Ọ̀gá, ẹ wò ó, orúnkún mi yìí..."

"Mi ò bi yín léèrè orúnkún."

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Á tó oṣù márùn-ún."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Ṣé mi ò ní gbé yín lọ sí àdúgbò tí kò ní àtẹ̀gùn ni?"

Orúnkún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ìdùnnú nínú ẹ̀rín náà. "Mo wí fún yín, Ọ̀gá. Ẹ ò ṣe tán láti gbọ́ ni. Mo gbé nọ́ńbà òtítọ́ wá lọ́jọ́ kan, ó fò láti mẹ́sàn-án dé mọ́kànlélógún. Ẹ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, kí n padà lọ wò ó. Mo gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó já wálẹ̀, ẹ tún dá mi padà. Ni mo bá jókòó, mo ní, nọ́ńbà wo gan-an ni ọ̀gá fẹ́ rí, tí kò fi ní da mí láàmú mọ́? Mo rí i pé èyí tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn, ẹ kàn ń fọwọ́ sí i ni. Ẹ tiẹ̀ yìn mí lóṣù tó kọjá."

Dádì la ẹnu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí bébà tó wà lábẹ́ gíláàsì tábìlì: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà. Kò sí ọjọ́ kan tó já wálẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta. Kò sí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ jí tí nǹkan sú u. Àfi ibì kan ṣoṣo tí ìlà náà ti ta kókó, ní ọ̀sẹ̀ kẹta: mẹ́fà, lẹ́yìn náà oókan. Àmì ìbéèrè pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà yẹn. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀.

Ó rántí mẹ́fà yẹn. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́ láti ìta. Nígbà tó wọlé, wọ́n ti ti gbogbo àga mọ́ ògiri. Mọ́mì àti Ẹ̀gbọ́n wà láàárín pálọ̀, wọ́n ń ju ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà tí wọ́n ká bíi bọ́ọ̀lù sí ara wọn. Ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun kan tí ọmọ náà fọ́ rí nígbà ayé rẹ̀ kó tó jù ú padà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti dárúkọ. "Gíláàsì ojú mi!" ni Ẹ̀gbọ́n ń pariwo. "Ìkòkò òdòdó!" ni Mọ́mì ń dáhùn. "Eyín ọmọ aládùúgbò!" Òógùn bo Mọ́mì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fò láti mú bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Dádì yọjú, àwọn méjèèjì dákẹ́ bí ọmọ tí tíṣà ká mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Mọ́mì kò ronú rárá kó tó sọ pé mẹ́fà.

"Mọ́mì," ni Dádì sì wí, "méjì lánàá, mẹ́fà lónìí? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ronú dáadáa."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà àti gbogbo aṣọ ọmọ náà sínú àpò, ó gbé wọn lọ fi tọrẹ. Ó ní kí ìbànújẹ́ má baà tún rú sókè. Oókan ni ìyàwó rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní kó tún un rò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó sọ mẹ́ta, inú Dádì dùn, ó fà á nílà. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà ti ń rìn jẹ́jẹ́.

Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní kíkà orí àga. Mẹ́jọ ni yóò mú kí Ẹ̀gbọ́n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n sì ti lọ láti aago méje.

Ó pe fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè, kò sí ìdáhùn. Ó fi Orúnkún sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó fa kẹ̀kẹ́ ọ́fíìsì kúrò lára ògiri, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ àti táì rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ó, ẹlòmíì ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ké pe Ọlọ́run, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Wọ́n ti gbá iwájú ilé mọ́ tónítóní. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú. "Mọ́mì!" Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, èmi ni! Ṣílẹ̀kùn!" Kò sí ohùn. Ó fi èjìká gbá a, kò yẹ̀. Ó tún fi gbá a, ó ń ké, kò sì mọ ohun tó ń ké mọ́. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Aṣọ tó dára jù lọ nínú àwọn aṣọ rẹ̀ ni Mọ́mì wọ̀. Ó ti to gbogbo pálọ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìdí tó fi dé ní ọ̀sán gangan. Ìwé kékeré náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Dádì ló máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé Mọ́mì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀: ìrìn, dráàfù, mẹ́jọ. Ọjọ́ Ẹtì: ìrìn, ọ̀rọ̀ àdììtú, mẹ́jọ. Àbámẹ́ta, mẹ́jọ. Àìkú, mẹ́jọ. Ó ti kọ ọ́ títí dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ó sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

"Kí lèyí?"

"Mo ní kí n kọ ọ́ dè yín ni," ni Mọ́mì wí. Ohùn rẹ̀ tutù, kò gbọ̀n. "Kí ìwé náà lè pé. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí àyè ṣófo."

Dádì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yé e kedere pé ká ní òun dé ní aago mẹ́fà bí ìṣe òun, ìwé yìí nìkan ni ì bá máa bá òun sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Ìgbà wo lo ti ń parọ́ fún mi?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní mẹ́fà ò lè rí bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà Mọ́mì bi í pé, "Níbo lẹ kó ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi lọ?"

"Mo ti fi tọrẹ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ó fẹ́ sọ pé nítorí tìẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó mọ̀ pé irọ́ ni. "Ẹ̀rù ló bà mí," ló wí. "Tí mo bá rí ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀, mi ò ní lè dìde lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mi ò tíì sunkún, Mọ́mì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é dákẹ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀."

Mọ́mì wá bá a níbi tó jókòó sí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó lù ú. Ó lù ú lórí, ó lù ú léjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú láyà, ó ń pariwo orúkọ ọmọ wọn sí i létí. Aládùúgbò ṣí fèrèsé, ó wò, ó rọra tì í padà. Dádì kò dá a dúró. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa kà á, bó ti máa ń ka ohun gbogbo, ó sì jáwọ́. Nígbà tí apá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, Mọ́mì jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, irun rẹ̀ ti tú. Ó burú láti wò. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó jọ ẹni tó wà nínú ilé.

"Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n fún mi," ló wí.

Dádì fa fóònù yọ. Mọ́mì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sétí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún awakọ̀ kó sọ̀ yín kalẹ̀," ló wí. "Ẹ padà wá. Irọ́ ni mo pa fún gbogbo yín. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí."